Ìrínisí àti Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ohun Tí Faso Dan Fani Ń Sọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Orí òwe yìí ni gbogbo ìwé ìmọ̀ràn tí a ń kọ fún àwọn tí ń wáṣẹ́ dúró lé, bí àwọn tí ń kọ wọ́n kò tilẹ̀ gbọ́ òwe náà rí. Ìmọ̀ràn wọn kì í yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì: kóòtù dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì tí kò pariwo, bàtà aláwọ tí a ti kùn. Ẹni tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ọn fún jù lọ, nítorí pé àlejò kò ní ẹlẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ agbanisíṣẹ́ ju ara rẹ̀ lọ. Fún London, ìmọ̀ràn náà kò burú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ka gbogbo ilẹ̀ òkèèrè sí ibì kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ òkèèrè náà bá wá jẹ́ Ouagadougou ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ. Ouagadougou ni olú ilé-iṣẹ́ UEMOA wà, ìyẹn ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe ọrọ̀-ajé àti owó tí orílẹ̀-èdè 7 dá sílẹ̀ ní Dakar ní oṣù Kìíní ọdún 1994, tí Guinea-Bissau sì sọ di 8 ní ọdún 1997. Benin àti Togo wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá láti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ lè jókòó níwájú àwọn tí ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀, nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ pé ààlà àwọn òyìnbó nìkan ló pín wọn níyà, kò ní àǹfààní náà. Bùrkínà Fasò kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n kò kúrò nínú UEMOA. Ilẹ̀kùn yìí ṣì ṣí sílẹ̀. Kí ni ọmọ Kétu náà yóò wọ̀ gba ibẹ̀ wọlé?

Kò sí bí a ṣe lè dáhùn láìkọ́kọ́ ka aṣọ tí ó wà nílẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìwé. Faso dan fani ni orúkọ rẹ̀. Èdè Jula ni: *fa* ni bàbá, *so* ni ilé, *dan* ni kí a hun nǹkan, *fani* ni aṣọ. Aṣọ tí a hun ní ilé bàbá ẹni ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà gan-an kò jìnnà sí èyí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1984 ni a pa orúkọ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ tì, tí a sì mú *Burkina* láti inú èdè Mooré, *Faso* láti inú Jula, àfòmọ́ ẹ̀yìn *-bè* tí ó wà nínú *Burkinabè* sì wá láti inú èdè Fúlàní. Èdè mẹ́ta ni a rán pọ̀ bí a ti ń rán àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá hun lórí òfì pọ̀ di odindi aṣọ. Yorùbá tí ó mọ aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn kò ní ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ yìí, àfi pé àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nídìí òfì ní Ouagadougou láti ìgbà ìjọba Thomas Sankara, nígbà tí òfì tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin fún ìgbà pípẹ́ ní Ìṣẹ́yìn.

Sankara gba ìjọba ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ aṣọ yìí. Ohun méjì ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn tí ń yìn ín sì sábà máa ń da méjèèjì pọ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Addis Ababa ní oṣù Keje ọdún 1987 níwájú àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Gbèsè ni kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń parí lọ ni ó tọ́ka sí aṣọ tí òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wọ̀: ilẹ̀ wọn ni òwú rẹ̀ ti hù, ibẹ̀ ni a ti hun ún, ibẹ̀ ni a ti rán an; ó sì sọ pé àfihàn oge kọ́ ni òun wá ṣe. Ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ gidi ni èyí. Ẹni tí kò gba àlàyé rẹ̀ lórí gbèsè gbọ́ kò lè sọ pé òun kò rí ẹ̀wù tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Èkejì ni àṣẹ náà fúnra rẹ̀, èyí kò sì yege tó bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa fi ẹ̀wù Faso dan fani kan kọ́ sí ọ́fíìsì, wọn a sì sáré gbé e wọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé ààrẹ ń bọ̀ lójijì. Wọ́n sọ ẹ̀wù náà ní *Sankara arrive*, èyí ni pé Sankara ti ń dé. Nínú gbogbo ohun tí a ti kọ láti fi ṣe lámèyítọ́ àṣẹ yìí, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó mú bí ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ẹ sì kíyèsí i pé èdè Faransé ni wọ́n fi sọ aṣọ ilé bàbá wọn lórúkọ. Aṣọ tí a fi tipátipá wọ̀ dà bí ìkíni tí a fi tipátipá kí: ètè ń mì, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. (Ààrẹ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ púpọ̀, aṣọ ológun ni ó ń wọ̀.) Nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, àṣẹ náà bá a lọ. Ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ Faso Fani ní Koudougou pẹ̀lú kógbá wọlé ní ọdún 2001, èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú ilẹ̀ náà sì ń bá ọkọ̀ lọ sí òkèèrè láìhun. Aṣọ náà kò kú ṣá. Lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú lé Blaise Compaoré ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ó tún gba ọ́fíìsì àti òde ayẹyẹ kan, àwọn aránṣọ sì ń gé e ní kóòtù àti gáùn.

Ti Mobutu ní Zaire burú ju èyí lọ. Òun fi òfin lé kóòtù àti táì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì fi *abacost* rọ́pò wọn. Orúkọ náà, gbólóhùn Faransé tí ń bú kóòtù ni a gé kúrú. Ìránṣọ rẹ̀ sì jọ ti Mao ní Ṣáínà. Ohun ilé bàbá ẹni kankan kò sí níbẹ̀. Ní ọdún 1990 tí a tú okùn náà, táì padà síta.

Ẹnìkan lè sọ pé Yorùbá ní àpẹẹrẹ tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ. Òtítọ́ ni. Mojola Agbebi, tí ó ń jẹ́ David Brown Vincent títí di ọdún 1894, wọ aṣọ Yorùbá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó gáùn òyìnbó sẹ́yìn, ó sì ń fi ìró àti bùbá kojú àwọn aláṣẹ amúnisìn. Ṣùgbọ́n ta ni ń gba àwọn wọ̀nyí síṣẹ́? Agbebi ní ìjọ tirẹ̀. Ransome-Kuti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lẹ́yìn. Sankara ní orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó ti jókòó sórí àga ni ó ń yan aṣọ tí yóò fi jókòó. Ní àwọn báńkì Èkó, ọjọ́ Ẹtì ni a yọ̀ǹda fún ànkárá àti bùbá, fún àwọn tí báńkì ti gbà wọlé. Ẹni tí ń wá ọ̀nà àtiwọlé kò ní ọjọ́ Ẹtì. Ibi tí àwọn tí ń fi aṣọ ìbílẹ̀ ṣe ìwàásù fún ọ̀dọ́ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí: wọ́n ń fi oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ dán ìgboyà ara wọn wò.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ọmọ Kétu wa ya aṣọ àwọn Burkinabè lò láti fi wá ojú rere. *Faso* ni ilé bàbá, ilé bàbá tirẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ó dára kí àlejò mọ *ne y yibeoogo*, kí ó fi kí àwọn tí ó bá nílé ní àárọ̀ ní Mooré. Kò dára kí ó ṣe bí ẹni pé Mooré ni a fi tọ́ ọ. Agbádá náà kò bójú mu níbẹ̀. Ẹni tí ń ká apá agbádá sí èjìká kò lè ṣí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa, ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò sì rò pé ó wá gba oyè ni.

Ohun tí ó kù ni kóòtù, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Yorùbá gba ọ̀rọ̀ náà, ó fi fáwẹ̀lì parí rẹ̀, ó fún un ní ohùn, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. (Kóòtù kan náà ni ibi tí a ti ń dájọ́, ẹni tí ó bá sì ti wọ̀ ọ́ lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mọ̀ pé ìjọra náà kò jìnnà.) Aránṣọ lè ṣe ohun tí èdè ti ṣe: kí ó gé kóòtù láti inú aṣọ òkè tí kò kún fún àwọ̀, tí kò nípọn, láìsí táì. Nínú oṣù Kẹta àti Ìkẹrin, nígbà tí ooru Ouagadougou máa ń dé ìwọ̀n 40 tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀, ara pàápàá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó yọ táì. Fún obìnrin, tí àwọn ìwé ìmọ̀ràn kì í fẹ́ dárúkọ, ìró àti bùbá aláwọ̀ kan ṣe déédéé. Gèlè ni kí ó mọ̀ ọ́n wé níwọ̀n, kí ó má baà dí ojú ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní yàrá ìdúró.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí aránṣọ kò lè tún ṣe. Ní òpin ọdún 2023, àwọn aṣòfin Bùrkínà Fasò yí òfin-ìpìlẹ̀ padà: àwọn èdè ilẹ̀ náà di èdè ìjọba, Faransé di èdè iṣẹ́ lásán. Nínú yàrá tí ọmọ Kétu náà yóò wọ̀, Faransé ni wọn yóò fi bi í léèrè ibi tí ó ti rán kóòtù rẹ̀, Faransé náà ni yóò sì fi dáhùn pé aṣọ ilé bàbá òun ni.