"Kò Ní Kẹ́míkà": Àyẹ̀wò Gbólóhùn Kan Tí Wọ́n Fi Ń Ta Oògùn fún Àwọn Ìyá Wa

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ èrò ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó á ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Kò ní kẹ́míkà kankan nínú, ewé àti egbò lásán ni." Ẹni tó ń polówó oògùn á gbé ìgò sókè, á ní kí àwọn ìyá tí ooru inú ń dà láàmú lóru gbọ́, kí àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń ṣe ségesège gbọ́, kí ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí kò rí oorun sùn mọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bú oògùn òyìnbó: họ́mọ́ònù ni, jẹjẹrẹ ló ń fà. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò bí a ṣe ń yẹ ewì tàbí ìtàn wò ní kíláàsì: kí ló sọ, kí ló fi pamọ́, ta ló sì ń jèrè rẹ̀? N ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn òyìnbó náà, nítorí àwọn náà ní gbólóhùn tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Họ́mọ́ònù kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wọ̀lú. Inú ara ló ti ń jáde, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e kiri bí ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan dé èkejì. Estrogen àti progesterone wà lára àwọn tó ń darí nǹkan oṣù àti oyún. Nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin bá wà láàárín ọdún 45 sí 55, àwọn méjèèjì á dín kù gan-an, nǹkan oṣù á sì dáwọ́ dúró. Àwọn kan kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ní ti àwọn mìíràn, ooru á ṣàdédé bò wọ́n láti àyà dé orí, wọn á làágùn títí aṣọ ìbora á fi rin gbingbin, egungun wọn á sì máa fúyẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Oògùn họ́mọ́ònù ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tó dín kù yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń rí i? Ibí ni gbólóhùn òǹtajà náà ti kọ́kọ́ wó. Premarin, oògùn estrogen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1942, inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n ti ń fà á yọ. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún aboyún, abo ẹṣin àti ìtọ̀ ni wọ́n ti gé e jáde. Bí àdáyébá bá túmọ̀ sí ohun tó ti ara ẹ̀dá wá, n kò mọ ohun tó tún jẹ́ àdáyébá ju ìtọ̀ lọ.

Ìtàn progesterone tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1942 kan náà, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà kan, Russell Marker, lọ sí ìpínlẹ̀ Veracruz ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò láti wá iṣu igbó kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní cabeza de negro. Ó ti mọ̀ pé èròjà kan tó ń jẹ́ diosgenin wà nínú irú iṣu bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, ó fa èròjà náà yọ, ó gé apá kan rẹ̀ kúrò, ó yí ìyókù padà, ó sì di progesterone. Ohun tó ti wọ́n bí wúrà wá di ohun tí a lè fi kìlógíráàmù wọ̀n. Ní 1944 òun àti àwọn méjì mìíràn dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní Mexico City, níbi tí wọ́n ti ṣe norethisterone ní 1951, èyí tó ṣì wà nínú àwọn oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí títí dòní. "Kẹ́míkà" tí òǹtajà ń bú nínú ọkọ̀ yìí, iṣu ni bàbá rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan sì fara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń ta ìpara tí wọ́n fi iṣu igbó ṣe nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ara obìnrin yóò sọ ọ́ di progesterone. Irọ́ ni. Ara èèyàn kò lè ṣe iṣẹ́ tí Marker ṣe nínú yàrá ìwádìí. Èèyàn lè jẹ iṣu láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó fi ìyókù pa ara, kò ní di progesterone. Irú ọ̀rọ̀ yìí tètè máa ń wọ̀ wá létí nítorí ó jọ ohun tí a ti gbọ́ nílé: ní Ìgbọ́-Ọrà, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ ìbejì, ọ̀pọ̀ ló gbà pé àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí kò tíì gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé mò ń tàbùkù ìṣègùn ìbílẹ̀. Rárá o. Oníṣègùn àtijọ́ kò sọ pé oògùn òun kò lè pani lára. Ó mọ̀ pé oògùn ní èèwọ̀: a kì í fún aboyún ní tibí, ọmọdé kò gbọdọ̀ mu tọ̀hún. Èèwọ̀ ni ìkìlọ̀ tirẹ̀. Òǹtajà inú ọkọ̀ ló yọ èèwọ̀ kúrò, tó wá ní tọmọdé tàgbà ló lè mu ún. Síbẹ̀, àléébù kan wà nínú èrò àwọn baba wa tí kò yẹ ká fojú fò. A máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àmọ́ oògùn tí a bá fi òwe yìí gbè kò lè kùnà láé. Bó bá ṣiṣẹ́, ewé ló ṣe é. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ewé ló kù. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá kò tilẹ̀ ní agbára kankan láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ má rò pé ọwọ́ àwọn olóògùn òyìnbó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1966, dókítà kan ní New York, Robert Wilson, gbé ìwé Feminine Forever jáde. Ó ka ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù sí àìsàn, ó sì ní estrogen ni yóò mú kí obìnrin wà ní ọ̀dọ́. Ìwé náà tà wàràwàrà. Ẹ wo bí ohùn rẹ̀ ṣe jọ ti ọkùnrin inú ọkọ̀ wa! Ní 1975 ni ìwádìí fi hàn pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo estrogen nìkan, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi progesterone tàbí irú rẹ̀ kún un fún obìnrin tó ṣì ní ilé-ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative dé ní Amẹ́ríkà. Obìnrin tó lé ní 16,000 ló wà nínú apá tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n fún àwọn kan ní họ́mọ́ònù méjèèjì, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n ń lò. Ohun tí òwe wa kò fàyè gbà nìyẹn: ọ̀nà tí oògùn lè gbà kùnà ní gbangba. Ó sì kùnà. Ní oṣù Keje 2002, wọ́n dá a dúró ṣáájú àkókò. Ìròyìn gba ayé kan pé ewu jẹjẹrẹ ọmú fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ka iye náà lọ́nà mìíràn: nínú 10,000 obìnrin tó ń lo hóró òfìfo, nǹkan bí 30 ló ní jẹjẹrẹ ọmú láàárín ọdún kan, nínú 10,000 tó ń lo họ́mọ́ònù, 38. Àrùn rọpárọsẹ̀ fi 8 lé, àrùn ọkàn fi 7 lé. Egungun ìbàdí tó ń kán dín ní 5, jẹjẹrẹ ìfun ńlá dín ní 6. Ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń dẹ́rù bani, ti èkejì ń jẹ́ kéèyàn ronú. Ohun tí a kò sì gbọ́ tó ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ nǹkan bí 63. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ìṣirò wò, wọ́n rí i pé ewu náà kéré fún obìnrin tí kò tíì pé 60 ọdún, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì ju ọdún 10 lọ tó ti dáwọ́ dúró.

Ewé ni ọ̀pọ̀ sá lọ bá lẹ́yìn ìròyìn yẹn. Black cohosh, egbò kan láti Amẹ́ríkà, gbajúmọ̀ gan-an. Nígbà tí àjọ Cochrane kó ìwádìí lórí rẹ̀ jọ ní 2012, wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti gbà á níyànjú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ wo ara ìgò àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà, ẹ ó rí i ní Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe. Nọ́ńbà tí òǹtajà fi ń yangàn, gbólóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tako òun.

Gbólóhùn kan tiẹ̀ wà tó burú ju gbogbo èyí lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan tó ń ta àgbo ìfọ̀nù á ní, "Oògùn ti ń ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí ló ń jáde." Lára ọ̀pọ̀ jù lọ, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àmọ́ òun náà ni àmì tí jẹjẹrẹ ilé-ọmọ sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, bí dókítà bá sì tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè wò ó sàn. Ìyá tó bá gba ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí gbọ́ yóò ra ìgò kejì, yóò ra ìkẹta. Oṣù mẹ́fà á lọ. Kì í ṣe ewé ló pa á lára, gbólóhùn ni.

Kí ló dé tí òǹtajà fi ń borí? Yorùbá ló fi ń sọ tirẹ̀. Ó ń kí wọn, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀, "ẹ̀yin ìyá mi" ló ń pè wọ́n. Ìwé tó wà nínú páálí oògùn họ́mọ́ònù, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀, àwọn akọ̀wé gan-an kì í kà á. Àwọn ọmọbìnrin ń ra norethisterone láti fi sún nǹkan oṣù síwájú nítorí ìgbéyàwó tàbí ìdánwò, owó nìkan sì ni ẹlòmíràn tó ń tà á ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, mo gbìyànjú láti sọ ọ́ di Yorùbá. Àwọn ibì kan le. "Awọ inú ilé-ọmọ" ni mo fi dípò ọ̀rọ̀ kan tí ahọ́n mi kò gbà. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣe pàtàkì jù kò le rárá, ìlà mẹ́ta péré ló gbà. Ẹ má lò ó bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì rí ní ẹsẹ̀ yín tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ tí ẹ kò retí rẹ̀, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀.