Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Àgbéyẹ̀wò Àwòrán Ìdánrawò àti Ìpele Eré nínú Iṣẹ́ Jordan Mechner

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti kọ nípa eré kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Prince of Persia, èyí tó jáde ní ọdún 1989, ló dá lórí bí ọmọkùnrin inú rẹ̀ ṣe ń rìn. Wọ́n ní ó ń sáré bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara, àti pé bí ó bá fò tí ó sì fi ìka di etí ògiri mú, ṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé apá olùṣeré gan-an ló ń ro ó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìyìn náà kò dé ibi tó yẹ kó dé. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ọmọkùnrin náà ń tẹ̀ ni ọnà tó ga jù nínú eré náà, nítorí pé ara tí Jordan Mechner ti kọ́kọ́ yà sórí pépà ni ó fi wọn ilẹ̀ ọ̀hún kí ó tó tẹ́ ẹ. Kí èyí tó lè yé ni yékéyéké, ó di dandan láti padà sí ìgbà tí Mechner ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí a sì wo Karateka, eré tí ó fi hàn pé ó ti mọ ara yà ṣùgbọ́n tí kò tí ì mọ ilẹ̀ tẹ́.

Karateka: Ara tí kò rí ilẹ̀ bá ṣiṣẹ́

Ìlú New York ni wọ́n ti bí Mechner ní ọdún 1964. Yunifásítì Yale ni ó wà nígbà tí ó ń ṣe Karateka lórí kọ̀ǹpútà Apple II, ilé-iṣẹ́ Broderbund sì gbé e jáde ní ọdún 1984. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ayàwòrán. Àwọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, àyè ìpamọ́ inú rẹ̀ kéré, àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín mélòó kan péré ni a sì lè fi ya odidi ènìyàn. Mechner kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú inú nìkan. Ó fi kámẹ́rà Super 8 ya olùkọ́ karate kan bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń ta ẹsẹ̀, bí ó sì ti ń ju ẹ̀ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ó gbé pépà fẹ́lẹ́ lé àwòrán inú fíìmù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tọ ìlà ara náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì fi ohun èlò ìyàwòrán tó so mọ́ kọ̀ǹpútà kó àwọn ìlà náà wọlé. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ lágbo ayàwòrán. Max Fleischer ti gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1917, ilé-iṣẹ́ Disney náà sì lò ó nínú fíìmù Snow White ní 1937.

Ẹnìkan lè wí pé àdàkọ lásán ni èyí. Ó ṣe tán, ìbáwí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé pépà lé iṣẹ́ ẹlòmíràn máa ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọnà, ìbáwí náà sì tọ́ sí i. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán mìíràn ni Mechner tọ ìlà rẹ̀; ara ènìyàn alààyè tó wà lẹ́nu ìṣe ni. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ìtasẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, yóò mọ ibi tí ìwúwo ara máa ń sún sí kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Apple II kò lè gba gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti yan èyí tí yóò mú àti èyí tí yóò jù nù. Nínú ohun tó jù nù gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ti hàn.

Kí wá ni ara tó yà dáadáa yìí rí ṣe? Díẹ̀ ni. Ilẹ̀ Karateka gùn lọ gbọọrọ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Akọni gun etí òkúta wọlé, ó ń bá ẹ̀ṣọ́ kan jà tẹ̀lé òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Akuma tó ti Mariko mọ́lé. Kò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀, kò sì sí ọ̀nà méjì tí olùṣeré lè yàn nínú wọn. Ohun tó gba eré náà là ni ọgbọ́n sinimá tí Mechner fẹ́ràn: àwòrán á kúrò lára akọni, a ó rí Akuma tó ń nawọ́ rán ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́, a ó sì rí Mariko nínú àhámọ́. Ibi méjì péré ni ilẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni géètì irin tó máa ń já lu ẹni tó bá kánjú wọlé. Èkejì ni yàrá Mariko níkẹyìn. Bí akọni bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìdúró ìjà, ìtapá kan ṣoṣo ni Mariko yóò fi pa á. Bí ó bá sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, yóò gbà á mọ́ra. Ìdúró ara ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Èso kan ni akẹ́kọ̀ọ́ náà gbìn yẹn, bí kò bá tilẹ̀ mọ ohun tó gbìn.

Prince of Persia: Ilẹ̀ tí a fi ara wọ̀n

Ní ọdún 1985, lẹ́yìn tí ó ti kúrò ní Yale, Mechner mú àbúrò rẹ̀ David lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan, ó sì gbé kámẹ́rà fídíò ká gbogbo bí ó ti ń sáré, tí ó ń fò, tí ó sì ń gun òkè. Ó tún ya fọ́tò àwọn àwòrán náà láti ojú tẹlifíṣàn, ó fi máàkà dúdú àti ọ̀dà funfun ya ara David sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣe fọ́tòkópì wọn kí ó tó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Títí dé ìhín, iṣẹ́ Karateka náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́ jù ú lọ.

Ìyàtọ̀ wà níbi tí ara náà ti di òṣùwọ̀n. Yàrá kọ̀ọ̀kan nínú eré yìí jẹ́ táìlì 10 ní ìbú àti àjà 3 ní gíga, ìpele kan kò sì lè ní ju yàrá 24 lọ. Ìṣísẹ̀ ọmọkùnrin náà, ìfò rẹ̀ láti ìdúró àti ìfò rẹ̀ láti orí eré sísá ni a fi díwọ̀n táìlì wọ̀nyí. Gíga àjà kan ni ọwọ́ rẹ̀ lè ká bí ó bá fò sókè. Bí ó bá jábọ́ láti àjà kan, kò sí nǹkan. Àjà méjì á gba ẹ̀mí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àjà mẹ́ta, ikú ni. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ihò kan tí kì í ṣe ìbéèrè sí ara: ṣé o lè fò ó? Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa mọ irú ètò yìí: ọnà lílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe kí ìrísí tó jáde, fínfín ló ń gbẹ̀yìn. Mechner pàápàá ṣe irinṣẹ́ tí ó fi ń to táìlì fúnra rẹ̀, èyí sì hàn nínú àkọsílẹ̀ àṣẹ eré náà tó tẹ̀ jáde ní 2012, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ rí àwọn dísíkì tí ó ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìpele kìn-ín-ní ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọnà jókòó tì. Ọmọkùnrin náà já bọ́ sínú ẹ̀wọ̀n, kò ní ohun ìjà kankan lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró lójú ọ̀nà, idà ẹ̀ṣọ́ náà á sì pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ó bá lọ bá a bẹ́ẹ̀. Kò sí ìwé tàbí ohùn tó sọ fún olùṣeré pé kí ó lọ wá idà. Ilẹ̀ ló ń kọ́ ọ: táìlì kan gbọ̀n kí ó tó wó, òmíràn ṣí géètì bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gún irin yọ lójijì ṣùgbọ́n kò pa ẹni tó bá rọra rìn. Nígbà tí olùṣeré bá fi rí idà, ó ti mọ ara tó wọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìpele méjìlá tó gbajúmọ̀ náà ló dọ́gba ní dídára. Ìpele 9 lọ́ bí ìfun. Géètì pọ̀ níbẹ̀ ju ìdánwò lọ, sùúrù olùṣeré ló sì ń dán wò, kì í ṣe ara. Ààfin kò yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ju ọ̀ṣọ́ ara ògiri lọ. Àléébù tó tún wúwo jù ni ti ọmọbìnrin ọba, ẹni tí kò ṣe ju pé kó jókòó ti agogo oníwákàtí kan tí Jaffar dá fún un, kó sì rán eku kan jáde ní ìpele 8. Mariko tó lè tapá pa ènìyàn ní 1984 sàn jù ú lọ. Ìran Páṣíà inú eré náà pàápàá, láti inú ìtàn àtijọ́ àti fíìmù Hollywood ló ti wá, kì í ṣe láti ilẹ̀ náà gan-an.

Òjìji

Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Mechner kọ lásìkò iṣẹ́ náà, tó tẹ̀ jáde ní 2011, fi hàn pé díẹ̀ ló kù kí ó pa eré náà tì. Fún ìgbà pípẹ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń kọ eré fíìmù, bẹ́ẹ̀ ni ọjà Apple II ń kú lọ. Tomi Pierce, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò yé sọ fún un pé eré náà ń fẹ́ ìjà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí àyè ìpamọ́ tí yóò gba àwòrán alátakò. Ibẹ̀ ni ó ti gbé àwòrán ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ó sún ẹ̀dà rẹ̀ díẹ̀, ó sì pa méjèèjì pọ̀ títí ó fi di àwòrán kan tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì bí iwin. Àìní ló bí Òjìji.

Ohun tó yẹ kí ó ya lámèyítọ́ lẹ́nu ni bí a ṣe fi ilẹ̀ sin Òjìji yìí. Ní ìpele 4, jígí kan dí ọ̀nà àbájáde. Olùṣeré kò lè là á kọjá àyàfi kó sáré, kó fò lù ú. Bó ti là á kọjá ni Òjìji jáde sí òdì kejì, ẹ̀mí kan ṣoṣo ló sì kù fún ọmọkùnrin náà. Ní ìpele 5, Òjìji mu oògùn tí olùṣeré ń wá. Ní ìpele 6, ó ti géètì mọ́ ọn ní kété tó fò, ó sì já sí kòtò. Ní ìpele 12 wọ́n wá dojú kọ ara wọn tidàtidà. Ọgbẹ́ tí ọmọkùnrin náà bá dá sí Òjìji lára, ara tirẹ̀ náà ló ń dá a sí. Èso tí ó gbìn ní Yale hù níbẹ̀: àfi kí olùṣeré ti idà bọ àkọ̀, kó rìn lọ bá Òjìji, kí àwọn méjèèjì sì di ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ọ̀gbun kan wà níwájú tí ìfò kankan nínú gbogbo èyí tí David fò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kò lè ká. Bí ọmọkùnrin náà bá sáré sínú òfuurufú ibẹ̀, táìlì á máa yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti wá pàdé ara.