Ilé Kékeré Kì í Dá Gbé: Lámèyítọ́ lórí Ilé Tí Kò Fara Ti Iná Ìjọba àti Omi Ẹ̀rọ

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán-ilé àti àwa olùkọ́ ń gbà sọ̀rọ̀ nípa ilé kékeré: ilé oníyàrá kan tàbí méjì tó ń gba iná lára oòrùn, tó ń tọ́jú omi òjò, tó sì ṣeé fẹ̀ tàbí tún pín bí àìní onílé bá yí padà. Àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ la máa ń yẹ̀ wò. A kì í sábà béèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe. Èrò wa ni pé ìbéèrè kejì yìí ló ń pinnu bóyá ilé náà yóò pẹ́, àti pé inú agbo-ilé ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀kọ́ láti Mákòkó

Ilé-ìwé orí omi tí Kúnlé Adéyẹmí àti iléeṣẹ́ rẹ̀, NLÉ, kọ́ sí Mákòkó ní Èkó, tó parí ní 2013, wà lára àwọn àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù nílẹ̀ wa. Pákó àti ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nǹkan bí 250 dúrọ́ọ̀mù oníke ló gbé e lé orí ọ̀sà. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, wọ́n sì ṣètò kó máa gba omi òjò. Àwòrán rẹ̀ dára. Bí omi bá kún, ilé náà á bá omi gòkè. Bí omi bá fà, á bá a sọ̀kalẹ̀. Ní àdúgbò tí ìjọba ti wó ilé àwọn ènìyàn ní 2012, ó tún fi hàn pé ará ìlú ni àwọn tó ń gbé orí omi. A kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ kejì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní Venice. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ti àkọ́kọ́ sì wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò sì farapa. Àwọn kan fi èyí bú ayàwòrán-ilé náà. A kò bá wọn lọ. Omi ń jẹ òpó àwọn ilé tó yí ilé-ìwé náà ká pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé onílé mọ òpó tó jẹrà, ó mọ ibi tí yóò ti ra òmíràn, ó sì ní aládùúgbò tí yóò bá a gbé e. Irú ọgbọ́n yìí ló mú kí Ganvié, ìlú orí omi ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìran. Ilé-ìwé ti Mákòkó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Kò ní ìkejì ládùúgbò tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ bí a ṣe ń tún irú rẹ̀ ṣe.

Àtúnṣe gẹ́gẹ́ bí àṣà

Yàrá inú agbo-ilé Yorùbá àtijọ́ kéré gan-an. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni ènìyàn ti ń gbé ìgbé ayé rẹ̀; oorun àti ẹrù ni yàrá wà fún. Bí ọmọkùnrin bá gbéyàwó, a fi yàrá kún un. Bí ìdílé bá dín kù, yàrá di ibi ìkẹ́rùsí. Omi òrùlé ń gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wọ inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n koríko ń jẹrà, òjò sì ń fọ ògiri alámọ̀. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì fún àtúnṣe ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ènìyàn fi ń kó koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin bò. Ní ilé mẹ̀kúnnù, ọ̀wẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

A kò sọ pé ká padà sí òrùlé koríko. Iná mọ̀ ọ́n jó. Demas Nwoko, tó gba Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn: ó po ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì fún ilé New Culture tó kọ́ sí Ìbàdàn. Ilẹ̀ pupa kò wọ́n ní Enúgu.

Ìṣirò fún Enúgu

Ní 1915 ni èédú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ òkè Enúgu, èyí tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú tó fún àwọn ẹlòmíràn ní agbára yìí ló ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ táńkà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilé kékeré kan níbẹ̀. Ká ní òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó 30 mítà oníhà mẹ́rin, tí òjò ọdún kan sì jẹ́ mítà kan ààbọ̀; 45,000 lítà ni. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá ṣòfò, 36,000 ló kù. Ènìyàn mẹ́rin tó ń lo 20 lítà ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kò lè lò ó tán lọ́dún kan. Nítorí náà, òrùlé tó.

Ìṣòro wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Fún 150 ọjọ́ láìsí òjò, ìdílé náà ní láti tọ́jú 12,000 lítà. Táǹkì tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní méjì, tó sì jìn ní méjì nìyẹn: ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ ilé náà. Ilé tí a pè ní kékeré kò kéré mọ́. Bátìrì sólà náà rí bẹ́ẹ̀; ó máa ń kú ṣáájú pánẹ́ẹ̀lì, owó ńlá la sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Agbo-ilé kò ní dín omi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò kù. Ṣùgbọ́n ilé márùn-ún lè gbẹ́ kòtò kan, kí wọ́n bò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ra pọ́ǹpù kan, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa fọ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Àwọn kan yóò ní ohun àjọní ń dá ìjà sílẹ̀, àti pé táǹkì gbogbo ènìyàn kò ní olówó. Òótọ́ ni. Èsì wa ni pé ọdún Bẹẹrẹ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún inú rere: ó ní àsìkò, oníkálukú sì mọ ohun tó kàn án.

Àbá àti Ìkádìí

Àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ló jẹ̀bi jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ya ilé, ó gba máàkì, ó lọ. A dábàá ohun méjì. Èkíní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ilé-kíkọ́ kọ́ ilé kékeré kan sínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí a má sì fún wọn ní máàkì títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ lé e, tí wọ́n á sì ti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Èkejì, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe sílẹ̀ lẹ́nu káfíńtà, bíríkìlà àti onísólà, kí olùkọ́ lè fi èdè tí ọmọ gbọ́ kọ́ ọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Ilé kékeré tó máa pẹ́ nílò ayàwòrán, ó nílò oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì nílò aládùúgbò. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan la ti ń kọ́ títí di òní.