Ogún Kori-Odan: Láti Orí Kọ̀ǹpútà Bọ́ Sínú Ìwé Aláwòrán

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games, tí ó wà ní Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, gbé eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Aurion jáde. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó sọ ìtàn rẹ̀ di ìwé aláwòrán, ohun tí à ń pè ní bande dessinée lédè Faransé. Ní ọjọ́ tí Enzo, ọmọ ọba ìlú Zama, ń gbé Erine níyàwó tí ó sì fẹ́ gorí ìtẹ́, ni Ngarba, arákùnrin ìyàwó, dìtẹ̀ gba ìjọba. Tọkọtaya náà di ẹni tí ń rìn káàkiri láti jí agbára àwọn baba ńlá Enzo, kí wọ́n lè padà wá gba ìtẹ́.

Nínú eré, ẹni tí ń ṣe é gan-an ni ó ń jà. Kí agbára àwọn baba ńlá tó bà lé Enzo, àtẹ́lẹwọ́ eléré ti làágùn. Ìwé kò ní èyí. Agbára tí a fi ìnira wá di ohun tí a kàn ṣí ojú-ìwé bá.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Kétu kò lè torí bẹ́ẹ̀ pe ìwé ní òkú eré. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó dúró ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò jó, kò sí ìlù níbẹ̀, síbẹ̀ agbẹ́gilére ti to ọ̀rọ̀ sí i lórí: ejò, ẹyẹ, obìnrin tí ń gbẹ́rù lọ sọ́jà, ọ̀lẹ tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níwọ̀n bí ìwé aláwòrán ti pàdánù ijó, ó yẹ kí ó wí ohun tí ijó kò ráyè wí.

Níbẹ̀ ni ìtàn yìí ti jẹ wá ní gbèsè. Ta ni ó ni ìtẹ́ Zama? Enzo ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Kori-Odan ni. Ọ̀rọ̀ Faransé náà, héritage, gba èyí láìjanpata. Èdè wa kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ogún baba ẹni ni à ń bá nílé. Oyè, ìlú ní ń fi ni jẹ ẹ́. Ìdílé ọba márùn-ún ni adé Alákétu ń yí láàrin wọn, àwọn afọbajẹ ní láti yan ẹni tí yóò dé e. Nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ará ìlú lẹ́rú, kì í ṣe akọni kan ṣoṣo ni ó dá oyè padà. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n padà sórí ahoro lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, tí wọ́n tún fi ọba jẹ. Kí ni àwọn ará Zama ń wí ní tiwọn?

Erine pàápàá ń kọ́? Nínú eré, ẹ̀yìn ọkọ ni ó máa ń dúró sí, tí ó ń ràn án lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ni ìyàwó ilé Enzo, òun náà sì ni ọmọ ilé Ngarba. Kò sí ẹlòmíràn nínú ìtàn náà tí ìjà yìí pín sí méjì tó o. Ìjà orí kọ̀ǹpútà kò lè dúró wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ìwé lè dúró. Ojú rẹ̀ nígbà tí orúkọ Ngarba bá bọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ tó odindi ojú-ìwé kan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.