Àwọ̀ Mẹ́ta Ti Tó

Nígbà ìsinmi gígùn tó kọjá, bọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, wá láti Peckham ní London, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa ní Ọgbà. Ó gbé páálí kan lọ́wọ́. Ère ike kéékèèké ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ní àwọ̀ eérú. Àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin ayé àtijọ́ ní Yúróòpù ni wọ́n, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù irin láti orí dé ẹsẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní knight. Èyí tó bá dúró lórí ilẹ̀ nínú wọn kò ga ju nǹkan bíi mìlímítà 28 lọ. Eré ogun ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe lórí tábìlì. Ènìyàn méjì á to ọmọ ogun tiwọn síwájú ara wọn, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí ẹṣin lè sáré dé, wọ́n á sì ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tó ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ère náà ló máa kùn ún fúnra rẹ̀. Bọ̀dá mi sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fẹ́ràn kíkùn náà ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Mo jókòó tì í, mo wo bó ṣe ń ṣe é. Yóò kọ́kọ́ fi ọ̀dà dúdú bo ère náà. Yóò fi àwọ̀ gidi lé e. Yóò wá da ọ̀dà tó ṣàn bí omi sí i kó lè wọ inú kòtò aṣọ àti gbígbún ẹ̀wù irin, kó dà bí òjìji. Lẹ́yìn náà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán fa àwọ̀ fúnfun díẹ̀ sórí gbogbo ibi tó yọ gọngọ. Ó ní ohun tó lé ní ogún àwọ̀ nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kùn ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo, ó sì kun ẹyinjú rẹ̀.

Tí o bá gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó rẹwà. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a to mẹ́jọ tó ti kùn sórí tábìlì, tí màmá mi gbé ìrẹsì wọlé, ohun tí wọ́n bi wá ni pé, “Àwọn wo ni tìẹ, àwọn wo ni ti bọ̀dá rẹ?” Láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ti di àwọ̀ ẹrẹ̀ kan náà.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí a fi wọlé sáà tuntun, tí olùkọ́ iṣẹ́-ọnà wa sì fi àwòrán àwọn ère Thomas Ona Odulate hàn wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Èkó ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ní ayé tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí. Ó ń gbẹ́ igi kéékèèké tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju rúlà ilé-ìwé lọ, ó ń tà wọ́n fún àwọn òyìnbó tó fẹ́ mú nǹkan lọ sílé. Ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ tó dé fìlà líle, tó sì ń fa ìkòkò tábà. Ó gbẹ́ lọ́yà pẹ̀lú irun àwẹ̀ rẹ̀, ó gbẹ́ òyìnbó tó ń gbá póló lórí ẹṣin, ó sì gbẹ́ àwa Yorùbá náà. Fìlà àti àwọn ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ jẹ́ ohun tó gbẹ́ lọ́tọ̀ tó wá fi há ère náà, bí a ṣe ń lẹ asà mọ́ apá ère ike bọ̀dá mi gan-an.

Ẹ wo ọ̀dà tó lò: yíǹkì dúdú, yíǹkì pupa, àti póléṣì bàtà funfun. Ó parí. Ibi tí kò fẹ́ kùn, igi lásán ló wà níbẹ̀.

Àwòrán fọ́tò lásán ni mo rí, ó sì kéré nínú ìwé, síbẹ̀ mo dá gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ mọ̀ kí n tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Póléṣì bàtà funfun tó wà lórí fìlà ti sọ pé ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀. Kò kun òjìji kankan sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kí la fẹ́ fi òjìji ṣe nígbà tí a ti mọ ẹni tó ń bọ̀?

Olùkọ́ wa sọ pé yẹ̀yẹ́ ni Ona ń fi àwọn òyìnbó ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó ìgbà náà pàápàá sì ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń rà wọ́n. Ṣùgbọ́n William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá lórí Ifá, bi Ona fúnra rẹ̀ léèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1957 pé ọkùnrin náà kò gbà pé òun ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ojú òun rí ní àyíká òun lòun ń gbẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún olùkọ́ mi, ti Ona ni mo gbà gbọ́. Bí ó bá fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìbá gbẹ́ àwa náà lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló fi gbẹ́ òyìnbó àti Yorùbá. Ẹ̀rín àwọn oníbàárà rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí wọ́n ṣe máa ń rí láti òdìkejì títì ni: fìlà kan, ìkòkò tábà kan, ṣòkòtò péńpé kan.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin gidi ní Yúróòpù mọ ohun tí Ona mọ̀. Nígbà tí àṣíborí irin ti bo ojú ọkùnrin mọ́lẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n lójú ogun, kí ará ilé rẹ̀ má lọ gún un pa? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kun àmì ìdílé sára asà, tí wọ́n sì ń fi aṣọ aláwọ̀ bo ẹṣin. Àwọ̀ tí wọ́n ń lò kò pọ̀: pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé, pẹ̀lú wúrà àti fàdákà tí wọ́n fi ń jẹ́ yẹ́lò àti funfun. Òfin wọn ni pé a kì í fi wúrà lé fàdákà, a kì í sì í fi pupa lé dúdú. Èyí tó tàn ni kí o fi lé èyí tó ṣú, kí ojú lè tètè rí i. Danfó wa pa òfin yìí mọ́ láìmọ̀: yẹ́lò tó tàn, ìlà dúdú méjì. Ẹ dúró ní Grammar School láàárọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ kí ẹ tó gbọ́ ohùn kọ̀ǹdọ́.

Bọ̀dá mi ní ìdáhùn, ó sì tọ́ kí n sọ ọ́. Ó ní ohun kékeré kì í ní òjìji tó bó ṣe yẹ, nítorí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kì í wọ inú kòtò tí kò jìn. Bí o kò bá kun òjìji sí i, ère náà á rí pẹlẹbẹ. Òótọ́ ni. Mo dán an wò lábẹ́ gílóòbù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ agbẹ́gilére ni Ona fi yanjú ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ akunlé: orí tóbi, ojú yọ síta, ọ̀bẹ ti gé òjìji rẹ̀ fún un. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Òpó rẹ̀ tó wà ní Metropolitan Museum ní New York ní ẹlẹ́ṣin lórí, ẹṣin rẹ̀ sì kéré bí ewúrẹ́ lábẹ́ ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó máa wo òpó yẹn kó béèrè ẹni tó ṣe pàtàkì. Ère ike ní tirẹ̀ wọn ẹṣin bí ẹṣin, wọ́n wọn ènìyàn bí ènìyàn, wọ́n wá fi gbogbo iṣẹ́ tó kù lé ọ̀dà lọ́rùn.

Nígbà tí bọ̀dá mi ń padà lọ, ó fi ẹlẹ́ṣin méjìlá tí kò tíì kùn sílẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ fífín ọ̀dà sára mọ́tò ni bàbá mi ń ṣe, nítorí náà mo bu díẹ̀ nínú ọ̀dà ọkọ̀ tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo fi tínà pò ó. Kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán, ojú ẹlẹ́ṣin àkọ́kọ́ ti yọ́. Tínà ọkọ̀ máa ń jẹ ike irú èyí, bàbá mi ìbá ti sọ fún mi bí mo bá béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá gbé ère náà sókè, wọ́n ní, “Ọ̀dà tí èèyàn ò bá lè dá mọ̀ láti òdìkejì títì, ẹni tó kùn ún fi owó ṣòfò ni. Mélòó lo fẹ́ lò?”

Mo ní mẹ́ta.

Ọ̀dà olómi tí a fi kun ilé ló ṣẹ́kù nílé, mo ra pupa àti dúdú tí a fi ń ya àwòrán ní ilé-ìwé. Mẹ́fà gba pupa lórí funfun, márùn-ún gba funfun lórí dúdú. N kò kun ẹyinjú ẹnikẹ́ni. Mo fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi, ó fèsì pé wọn kò tíì parí, pé òjìji dà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún kọ̀wé: “Èyí tí ojú ẹ̀ yọ́ ńkọ́, ṣé òun ni ọ̀gá àwọn apá dúdú tó wà lẹ́yìn yẹn?”

Òun ni. Òun nìkan ni mo kùn ní dúdú láìfi funfun kankan sí i.