Ìjàpá, Olùkọ́ tí A Kò Gbọdọ̀ Fìwà Jọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ń kó àlọ́ jọ sínú ìwé fún ọmọdé kì í fẹ́ dúró tì: kí ló dé tí ó fi jẹ́ Ìjàpá ni àwọn baba wa yàn láti fi kọ́ ọmọ ní òtítọ́? Ọ̀lẹ ni, olè ni, òpùrọ́ ni, wọ̀bìà sì ni pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìwà rere nìkan ni a ṣe ń pàlọ́, à bá ti fi ọmọlúàbí kan ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, kí a sì lé Ìjàpá wọgbó. Àwọn òǹkọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ ti wá ìdáhùn tí ó rọrùn: wọn a jẹ́ kí Ìjàpá ṣe tirẹ̀ tán, wọn a sì kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ pé àlọ́ náà kọ́ wa pé kí a má ṣe purọ́. Èrò tèmi ni pé gbólóhùn ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni ó ń ba iṣẹ́ àlọ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àlọ́ Ìjàpá àti àsáró yẹ̀ wò. Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀; ó yọ́ bu àsáró gbígbóná nínú ìkòkò, ó dà á sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Àwọn àna ń bá a sọ̀rọ̀, àsáró ń jó o lórí, kò sì lè ṣí fìlà. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti pá. Ní Ìlerò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà ní Òkè-Ògùn, níbi tí iṣu ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun ọ̀gbìn, kò sí ọmọ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún bí àsáró orí iná ti ń gbóná tó. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ilé àna kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń hùwà àbùkù. Ọmọ tí ó bá fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ara rẹ̀. Bí a bá tún wá sọ fún un pé olè kò dára, a gba ìdájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà mìíràn, gbólóhùn ìsàlẹ̀ kì í bá àlọ́ mu rárá. Ìjàpá fi oyè ọba tan Erin wọ ìlú. Erin jókòó sórí ẹní tí a tẹ́ bo kòtò, ó sì já sínú rẹ̀. Ìjàpá kò jìyà. Ìyìn ni ó gbà. Àwọn kan a ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí a má ṣe nífẹ̀ẹ́ oyè jù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ kòtò? Àwọn tí ń kọrin fún Erin mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹní. Ọmọ tí ó bá béèrè bóyá ó tọ́ kí odindi ìlú ṣe bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ ohun tí ìwé rẹ̀ kò kọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inúure. Nínú àlọ́ ọmọ òrukàn tí ìyàwó baba rẹ̀ rán lọ sọ́nà jíjìn, ọmọ náà fi sùúrù àti ìwà pẹ̀lẹ́ bá àwọn tí ó pàdé lò, ó sì kó ọrọ̀ bọ̀ wálé. Ìyàwó baba wá rán ọmọ tirẹ̀ gba ọ̀nà kan náà, ibi ni ìyẹn sì kó bọ̀. Ìwé a ní: ṣe inúure kí o lè là. Ṣùgbọ́n èrò ìyàwó baba ni èyí! Nítorí ọrọ̀ ni ó ṣe rán ọmọ rẹ̀.

N kò bẹnu àtẹ́ lu ìwé o. Bí Adébóyè Babalọlá kò bá ti tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973, ọ̀pọ̀ nǹkan ni à bá máa wá. Mo sì mọ̀ pé olùkọ́ tí ọmọ kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́ nílò ohun tí yóò fi ṣe ìdánwò. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìdánwò yìí ń ṣe. Olùkọ́ béèrè pé kí ni àlọ́ kọ́ wa. Ọmọ tí ó jí bíírò ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ dáhùn pé òtítọ́ ni ó lérè. Olùkọ́ fún un ní máàkì. Ọmọ náà ti mọ èsì tí ń dùn mọ́ àgbà nínú. Ọgbọ́n Ìjàpá gan-an ni ìyẹn.

Lójú agbo àlọ́, iṣẹ́ ọmọ yàtọ̀. Òun ni ó ń já àlọ́ àpamọ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń gbe orin, bí kò bá sì gbè é, ìtàn kò lè lọ síwájú. Bí àlọ́ bá parí, apàlọ́ yóò búra pé bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ròó lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ọmọ ni ó mọ̀ pé ahun kì í dé fìlà, síbẹ̀ wọn a tẹ́tí láti gbọ́ bóyá agogo yóò ró. Àgbà ni ó ń jẹ́jọ́ níbẹ̀; ọmọdé ni ẹlẹ́rìí. Kí àwọn òǹkọ̀wé wa yọ gbólóhùn ìsàlẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ láti bi wá léèrè.