Lọ́wọ́ Ta Ni A Ti Gbà Á? Àyẹ̀wò Ìtàn Ìbọn Nambu Kan

Ìbọn àtijọ́ tí owó rẹ̀ bá wọ́n kì í ṣàìní ìtàn tí ń tẹ̀ lé e. Ìtàn náà a máa sọ ọwọ́ tí ìbọn ti wá àti ọwọ́ tí ó gbà kọjá, àwọn tí ń kó ohun ogun jọ ní Amẹ́ríkà a sì máa sanwó lórí ìtàn bí wọ́n ti ń sanwó lórí irin. Ní tèmi, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó ohun tí lámèyítọ́ lè yẹ̀ wò, nítorí pé ó ní ìhun, ó ní ọ̀rọ̀ àyànlò, ó sì ní ohun tí ó máa ń fò dá. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìtàn ìbọn ìléwọ́ Nambu kékeré tí William Ruger rà ní 1945.

Ní ṣókí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà kan mú ìbọn Nambu bọ̀ láti ojú ogun Pàsífíìkì. Ruger, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn ní àmọ̀dunjú, rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó fínnífínní, ó sì rọ ẹ̀dà méjì nínú gáréèjì rẹ̀. Ní 1949, òun àti Alexander Sturm fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 dọ́là dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Southport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, dọ́là 37 àti sẹ́ǹtì 50 ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí ó bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Nambu yóò rí i pé ọmọ jọ bàbá: irin tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú ọ̀pá róbótó, ohun tí ọwọ́ fi ń fà á sẹ́yìn, àti bí ìdìmú rẹ̀ ṣe dagun. Ìbọn náà tà gan-an, ilé-iṣẹ́ náà sì wà títí di òní.

Ìtàn náà dùn, ó sì kún fún iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Marine ni, ẹni tí a kò tilẹ̀ dárúkọ. Ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Nambu kékeré kì í ṣe ìbọn tí ìjọba Jàpáánù ń pín fún ọmọ ogun kúkúrú. Kijiro Nambu, tí a bí ní 1869, tí òun náà jẹ́ ọ̀gágun, ni ó ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jàpáánù ìgbà náà, àwọn ọ̀gá ni ó ń fi owó ara wọn ra ìbọn ìléwọ́ tí wọn yóò fi sí ìgbáròkó, àwọn ni wọ́n sì ṣe Nambu kékeré fún. Ọta rẹ̀ kéré, ìwọ̀n mìlímítà 7. Owó rẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni wọ́n rọ. Ọ̀wọ́n yìí ni ó jẹ́ kí àwọn olùkójọ máa wá a lójú méjèèjì lónìí. Nítorí náà, ìbọn tí Ruger rà ti ní olóhun rí, olóhun tí ó ka owó sílẹ̀ kí ó tó gbà á. Ẹni yìí gan-an ni kò sí nínú ìtàn olóhun ìbọn.

Èdè ni ó gbé e pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkójọ ń lò fún irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ju 'ohun tí a mú bọ̀ wálé' lọ. Ẹni tí ó lọ sí ọjà náà a máa mú nǹkan bọ̀ wálé. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí kò fi ojú pamọ́ rárá: ìkógun. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'kó' wà níbẹ̀, ogun wà níbẹ̀, ẹni tí a kó nǹkan rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ bí a kò tilẹ̀ pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó máa ń pa olùṣe jẹ, tí yóò fi ohun tí a gbà ṣe olùwà, tí kò ní sọ ẹni tí ó gbà á. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní irú rẹ̀ kí ó túmọ̀ sí Yorùbá, yóò ní láti wá olùwà fún un, ìbáà ṣe 'wọ́n' lásán. Lẹ́yìn èyí, 'gbà' yóò tún máa bèèrè àpólà tirẹ̀: lọ́wọ́ ta ni? Nínú ìtàn Ruger, 'lọ́wọ́' ẹyọ kan péré ni ó wà, èyí tí ó so Ruger mọ́ Marine. Èkejì, tí ì bá so Marine mọ́ ọ̀gá ọmọ ogun Jàpáánù, ni a fò dá.

N kò sọ pé ara òkú ni a ti bọ́ ọ o. Lẹ́yìn tí Jàpáánù túúbá ní oṣù Ògún 1945, ọ̀pọ̀ ohun ìjà ni àwọn tí ó ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà yè, tí ó sì padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí Yorùbá bá ń sọ ọ́, yóò ní láti mú ọ̀kan: ó gbà á ni, ó já a gbà ni, ó ṣà á nílẹ̀ ni, àbí ó bọ́ ọ lára ẹni tí ó kú. 'Mú bọ̀' kò yan ọ̀kankan, ìdí sì nìyẹn tí ó fi rọrùn láti tà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa bí ó ti jọ. Láàrin 1943 sí 1945, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn, bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí kan náà jà ní Bọ́mà nínú ìsọ̀rí ogun 81 àti 82. Àwọn tí ó lè lo gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyẹn bí ó ti yẹ wà lójú ogun.

Ìwé pàápàá ti ìtàn náà lẹ́yìn. Àwọn aláṣẹ ológun Amẹ́ríkà a máa fún ọmọ ogun ní ìwé-ẹ̀rí pé ó láṣẹ láti tọ́jú ohun tí a gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Orúkọ ọmọ ogun náà wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ohun tí ó gbé wà níbẹ̀, ọ̀gá kan sì fọwọ́ sí i. Níbi tí ìwé yìí bá bá ìbọn rìn, iye owó a gbéra. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún orúkọ ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. 'Ọ̀tá' ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Síbẹ̀, ó yẹ kí á yin àwọn olùkójọ níbi tí ìyìn yẹ wọ́n, nítorí òǹkàwé gidi ni wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn pé ìbọn ni kí ènìyàn rà, kí ó má ra ìtàn. Wọ́n mọ̀ pé ìbọn Nambu tí ó gbòde jù, Irú 14, gba orúkọ rẹ̀ láti ọdún 14 ìjọba Taisho, èyí í ṣe 1925. Bí wọ́n bá rí 19.6 lára rẹ̀ lẹ́yìn àmì Showa, wọn yóò fi 1925 kún 19, wọn yóò sì sọ fún ọ pé oṣù kẹfà 1944 ni. Wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà ara ìbọn bá ti àpò ọta mu. Mo mọ àwọn ọ̀mọ̀wé tí kì í ka ewì báyìí. Ohun tí ó kàn dùn mí ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó rọ irin ni ìmọ̀ yìí ń mú wọn dé, kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbé e.

Àwọn kan yóò ní irin lásán ni, pé kí ni orúkọ yóò ṣe fún un. Ẹ wo àsíá tí ọmọ ogun Jàpáánù ń gbé lọ sógun, tí ẹbí àti ará àdúgbò kọ orúkọ yí oòrùn pupa rẹ̀ ká. Ìkógun ni òun náà. Ṣùgbọ́n nítorí orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, ẹgbẹ́ OBON Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní 2009, ti dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà fún ẹbí ní Jàpáánù. Ìbọn ìléwọ́ kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò gbé orúkọ ẹbí, òfin ìbọn àti idà tí Jàpáánù ṣe ní 1958 kò sì fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ gbé ìbọn ìléwọ́ bàbá rẹ̀ kọ́ sí yàrá.

Kijiro Nambu kú ní 1949, ọdún kan náà tí ìbọn Ruger jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Sturm kú, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun ni ó ya ẹyẹ idì pupa tí ó wà lára ìdìmú ìbọn tí ilé-iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí ó kú, Ruger sọ idì náà di dúdú láti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, dúdú náà ni ó sì wà lára ìbọn tí wọ́n ń tà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Àwọn olùkójọ mọ ìtàn idì yìí bí ẹni mowó. Ìbọn tí idì rẹ̀ ṣì pupa gbówó lórí ju ti dúdú lọ.